Olùkọ́ Tó Buwọ́ Lu Ohun Tí Kò Kà

Olùkọ́ kan wà ní ìlú kan létí ọ̀sà, ọkùnrin tó bẹ̀rù Ọlọ́run. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Kì í gba rìbá. Kì í gbé ọmọ olówó gẹ̀gẹ̀ kó ta ọmọ tálákà nù. Bí wọ́n bá ní kí a wá ẹni tí a ó fi ṣe ẹ̀kọ́ fún àwọn ẹlòmíràn, ojú wa ò ní lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi mú tirẹ̀ sọ fún ìwọ tí o jẹ́ olùkọ́ bíi tirẹ̀. Ẹni búburú kò nílò àkàwé. Ó ti mọ ohun tí òun ń ṣe.

Iṣẹ́ náà wúwo lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ọmọ inú kíláàsì rẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn kan ń jókòó sí ojú fèrèsé. Òun ló ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, òun ló ń máàkì iṣẹ́ wọn, òun ló ń kọ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tó bá fi máa délé, ìka rẹ̀ á ti gan. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé òun fẹ́ ọkọ, òun ò mọ̀ pé ìwé ni òun fẹ́.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tó wà nínú fóònù, tí èèyàn á bi ní ìbéèrè, tí á sì ti kọ ìdáhùn gbọọrọ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Má ṣe rò pé mo fẹ́ pe ẹ̀rọ náà ní òrìṣà. Ó ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tó le, á ní kó bá òun wá àpẹẹrẹ. Bí ẹ̀rọ náà bá mú àpẹẹrẹ yìnyín àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wá, á yọ ọ́ dànù, á fi ẹja àti àwọ̀n rọ́pò rẹ̀, nítorí ohun tí àwọn ọmọ náà mọ̀ nìyẹn. Á ka gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀ kó tó gbé e wọ kíláàsì. Ó tilẹ̀ máa ń sọ fún wọn pé, “Ẹ̀rọ ló bá mi kọ ibi yìí o. Ẹ bá mi wò ó, bóyá ó ti parọ́ fún wa.” Àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá irọ́ náà bí ẹni ń ṣa ìṣáwùrú. Nígbà mìíràn wọ́n á rí i, inú wọn á sì dùn pé àwọn mú ẹni tó mọ̀wé jù wọ́n lọ.

Ká ní ó dúró síbẹ̀, mi ò ní rí nǹkan kan sọ fún ọ lónìí.

Ṣùgbọ́n o mọ bí ọkàn èèyàn ṣe rí. Ẹni tó ń ṣọ́nà, kì í ṣe ọjọ́ kan ló ń sùn lọ. Á kọ́kọ́ fẹ̀yìn ti ògiri. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ bá kọ ni olùkọ́ yìí ń kà. Nígbà tó ṣe, ó ń ka ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Nígbà tó tún ṣe, ó kàn ń wò ó bóyá ó gùn tó. Kò sì sí aburú kan tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, nítorí náà ó rò pé àìsí aburú ni àmì pé òun ń ṣe rere.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì rẹ̀ tó ń jẹ́ Ìbírónkẹ́. Òdìkejì ọ̀sà ló ń gbé, òun àti ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó, nínú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé wọn sọdá kì í gbéra àfi bí èrò bá kún. Ọmọ náà lè ti jókòó sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Bí àwọn ẹlẹ́ja bá pẹ́, òun náà á pẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ náà sì ní òfin kan. Bí wọ́n bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, wọ́n á pa rẹ́jísítà dé. Ẹni tí kò bá dáhùn orúkọ rẹ̀, kò wá nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ẹnu Àmín ló bá wọn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ò gbà kí ẹnikẹ́ni tún fi báírò kàn án mọ́.

Olùkọ́ náà ṣàánú ọmọ náà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí etí yẹ̀rì rẹ̀ tutù rinrin, ó ní, “Ìwọ ọmọ ẹ̀yìn omi yìí, ṣé o lúwẹ̀ẹ́ wá ni?”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní, “Rárá, sà. Ọkọ̀ ni ò tètè kún.”

“Wọlé, lọ jókòó. Wọ́n ti pa rẹ́jísítà dé, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé o wá. Má da ara rẹ láàmú.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé, Ìbírónkẹ́ kì í wá. Nínú kíláàsì, ìlà iwájú ló ń jókòó sí, a sì máa nàwọ́ kí olùkọ́ tó bi ìbéèrè tán. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ dà. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ni òun máa kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun nínú ìdílé àwọn láìjẹ́ pé ó jẹ́ ti ìrìbọmi.

Àánú ni olùkọ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n àánú tí kò sí níbòmíràn àfi nínú orí ẹnì kan ṣoṣo, bí ẹni náà bá sùn, àánú náà sùn.

Nígbà tí sáà parí, ó kan kíkọ káàdì àwọn ọmọ. Lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ máàkì, àlàfo kékeré kan wà tí olùkọ́ kíláàsì á ti sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nípa ọmọ náà, kó tó buwọ́ lù ú. Olùkọ́ yìí kó orúkọ àwọn ọmọ, máàkì wọn, àti iye ìgbà tí rẹ́jísítà ní wọ́n wá, ó kó gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀rọ náà. Ó ní kó bá òun sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Kó tó mu omi inú ife tán, ẹ̀rọ ti parí. Ó ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́ sórí àwọn káàdì náà, ó jókòó sínú yàrá àwọn olùkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í buwọ́ lù wọ́n.

Ìyá àgbàlagbà kan wà tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Káàdì tirẹ̀ ṣì ga níwájú rẹ̀ bí òkìtì àgbàdo. Ó wo ọkùnrin náà títí, ó ní, “Ìwọ, o ti parí?”

“Mo ti parí, Màmá.”

“Ta ló bá ọ kọ ọ́? Èṣù?”

“Èṣù ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó báyìí, mà.”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ní, “O kà wọ́n ṣá?”

“Màmá, ẹ jẹ́ n sinmi. Ọkọ̀ ń dúró dè mí ní gáréèjì.”

Kò parọ́. Kò sì dáhùn. Ó buwọ́ lu èyí tó kẹ́yìn, ó fi báàgì kọ́ èjìká, ó gba ìlú tirẹ̀ lọ fún ìsinmi.

Ní òdìkejì ọ̀sà, ìjọ kan wà tó ní àṣà kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀lé ìparí sáà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á mú káàdì wọn wá síwájú pẹpẹ. Akọ̀wé ìjọ á ka ọ̀rọ̀ olùkọ́ wọn, á túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn òbí tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọ á sì ṣe Àmín lé e lórí. Àṣà rere ni. Alàgbà ìjọ náà ló dá a sílẹ̀, kí àwọn apẹja lè mọ iyì ìwé. Alàgbà yìí kan náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá Ìbírónkẹ́, tó ń bọ́ òun àti ìyá rẹ̀. Lójú àwọn ará ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá kọ sórí káàdì dà bí ọ̀rọ̀ tó ti orí àga ìwàásù wá. Wọn kì í jiyàn rẹ̀.

Wọ́n ka ti ọmọ kan, ìjọ ní Àmín. Wọ́n ka ti òmíràn, ìjọ ní Àmín. Ìbírónkẹ́ jáde wá tẹ̀ríntẹ̀rín, nítorí ó mọ̀ pé òun ṣe dáadáa. Akọ̀wé ka máàkì rẹ̀, àwọn èèyàn ń mirí. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ olùkọ́, ó fi ojú kà á, ó wo ojú alàgbà.

Alàgbà ní, “Kà á. Ẹbí ò ju ìjọ lọ.”

Akọ̀wé bá túmọ̀ rẹ̀ pé, “Ọmọ yìí ní làákàyè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ni kò fi wá sí ilé ẹ̀kọ́ ní sáà yìí. Kí àwọn òbí rẹ̀ wádìí ibi tó ń lọ, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ìrìn rẹ̀ gidigidi.”

Kò sẹ́ni tó ṣe Àmín.

Gbọ́ mi dáadáa níbí yìí. Ẹ̀rọ náà kò bínú ọmọ náà. Ohun tí wọ́n fún un ló fi ṣiṣẹ́. Kò ní ojú. Kò jókòó nínú kíláàsì yẹn rí, kò rí yẹ̀rì tó tutù, kò rí ọwọ́ tí ọmọ náà ń nà sókè. Ẹni tó ní ojú, tó sì rí gbogbo rẹ̀, òun ló buwọ́ lù ú.

Àràárọ̀ ni alàgbà ń rí ọmọ náà tó ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́, tó ń wọ inú ọkọ̀. Bí kò bá dé ilé ẹ̀kọ́, níbo ló wá ń dé? O mọ ibi tí ọkàn àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọbìnrin tó ti bàlágà. Létí omi níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, obìnrin kan ní, “Ẹ tiẹ̀ wo máàkì tó gbà. Ọmọ tí kì í lọ síbẹ̀.”

Èkejì rẹ̀ fún aṣọ rẹ̀ gbẹ, ó ní, “Ẹ̀yin náà. Ẹni tó ń lọ bá ló ń fún un ní máàkì.”

Bí rere ọmọ náà ṣe tún di ẹ̀rí tí wọ́n fi mú un nìyẹn.

Ó kúnlẹ̀ níwájú alàgbà. Ó ní, “Bàbá, mò ń lọ. Tíṣà mi mọ̀. Ẹ bi tíṣà mi.”

Alàgbà na káàdì náà sí i. “Tíṣà rẹ náà rèé. Ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbí.”

Kò sẹ́ni tó pe olùkọ́ náà lórí fóònù. Kí ni wọ́n tún fẹ́ bi í? Ṣé kò ti sọ̀rọ̀ tán ni? Alàgbà kì í ṣe òǹrorò ẹ̀dá. Ó gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó wá pinnu pé kí ìtìjú tó wọlé tán, òun á mú ọmọ náà jìnnà sí ẹni yòówù tó ń tàn án jẹ. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan ní ìlú ńlá tó jìnnà, kó máa bá a tọ́jú ilé. Ìyá ọmọ náà kò lè sọ pé rárá. Ilé ẹni ẹlẹ́ni ló ń gbé, ó sì ti gbọ́ ohun tí wọ́n kà níwájú pẹpẹ.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé, olùkọ́ náà rí àyè tó ṣófo ní ìlà iwájú. Ó rò pé ọkọ̀ ni kò tíì kún. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó bi ọmọkùnrin kan tó ń ti òdìkejì omi wá, ó ní, “Ìbírónkẹ́ ńkọ́?”

Ọmọ náà kò wo ojú rẹ̀. “Wọ́n ti mú un lọ, sà. Nítorí ohun tí ẹ kọ.”

“Kí ni mo kọ?”

Ọ̀rẹ́ mi, ibí yìí ni kí o ti dúró díẹ̀. Olùkọ́ ló ń bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí olùkọ́ kọ. Ọmọ náà sì mọ̀ ọ́n sórí. Ó kà á fún un láìṣì ọ̀rọ̀ kan.

Olùkọ́ náà sọdá ọ̀sà. Alàgbà ní kí wọ́n gbé àga fún un, kí wọ́n sì bu omi wá, nítorí wọ́n bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ níbẹ̀. Kó tó lanu, alàgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. “A mà dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, tíṣà. Ẹ là wá lójú. Àwọn mìíràn á rí i, wọ́n á dákẹ́. Olúwa á dá ọmọ tiyín náà sí.”

“Bàbá, ọmọ náà ń wá.”

“Ń wá síbo?”

“Sí ilé ẹ̀kọ́, sà. Lójoojúmọ́ ni. Ọkọ̀ ni kì í jẹ́ kó bá rẹ́jísítà.”

Alàgbà wò ó bí ẹni pé èdè mìíràn ló ń sọ. “Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ̀rọ̀ yẹn ni?”

“Èmi ni mo buwọ́ lù ú, sà.”

“Mi ò bi yín léèrè ọwọ́. Ta ló kọ ọ́?”

“Ẹ̀rọ ni, bàbá. Ẹ̀rọ inú fóònù.”

“Ẹ̀rọ náà mọ ọmọ wa?”

“Kò mọ̀ ọ́n, sà.”

“Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi mọ̀ ọ́n.”

Alàgbà ṣí fìlà, ó fi lé orúnkún.

Ìyá ọmọ náà ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látìgbà tó ti gbọ́ ohùn olùkọ́. Ó jáde wá. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ṣé ó ń wá?”

“Ó ń wá, mà.”

“Mo nà án,” ni ìyá náà wí. Kò gbé ohùn sókè. “Mo ní kó jẹ́wọ́. Ohun kan náà ló ń sọ ṣáá. Mo tún nà án nítorí pé ohun kan náà ló ń sọ.”

Wọ́n pe ìbátan tí ọmọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Obìnrin náà kọ́kọ́ ń yí ọ̀rọ̀ ká. Nígbà tó yá, ó ní ọmọ náà ti bá ọ̀rẹ́ kan jáde kúrò nílé òun láti ọjọ́ mélòó kan, òun sì rò pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló gbà lọ. Ojú ló ti òun tí òun kò fi pè wọ́n. Olùkọ́ náà wá a dé ìlú ńlá yẹn. Ó fi tó àwọn ọlọ́pàá létí. Ó fi àwòrán ọmọ náà han àwọn onímọ́tò àti àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ní àwọn ò rí i.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó padà lọ sí ìjọ yẹn, ó dúró níwájú wọn, ó sọ òtítọ́ nípa ọmọ náà ní Yorùbá, láìmú ìwé kankan lọ́wọ́. Ó sọ bó ṣe ń jókòó, bó ṣe ń béèrè ìbéèrè, bó ṣe máa ń tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ bí kò bá mọ́ tó. Gbogbo ìjọ ṣe Àmín, àwọn mìíràn ń sunkún. Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ kò sí níbẹ̀. Wọn ò rí i títí dòní.

O bi mí bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí olùkọ́ lo ẹ̀rọ yìí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Jẹ́ kó bá ọ wá àpẹẹrẹ. Jẹ́ kó bá ọ gbé ìbéèrè kalẹ̀ fún ọmọ tó ń fà sẹ́yìn àti fún ọmọ tó ń sáré síwájú. Ṣùgbọ́n tọ́ ọ wò kí o tó fi sí ẹnu ọmọ, bí ìyá ti ń tọ́ ẹ̀kọ gbígbóná wò. Sọ fún àwọn ọmọ náà pé ẹ̀rọ ló bá ọ ṣe é, kí àwọn náà lè kọ́ bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Má kó orúkọ ọmọ ọlọ́mọ àti ọ̀rọ̀ ilé wọn dà sínú rẹ̀, nítorí ìwọ ni àwọn òbí wọn fọkàn tán, wọn ò mọ ẹni tí ò ń bá sọ ọ́. Bí ó bá sì di pé kí a sọ irú èèyàn tí ọmọ kan jẹ́, gbé ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Olúwa kò fi àgùntàn lé irin lọ́wọ́. Ìwọ ló fi í lé lọ́wọ́. Lọ́jọ́ ìṣirò, wọn ò ní bi ẹ̀rọ ní nǹkan kan. Kò ní ọkàn tó máa jẹ́jọ́. Ọwọ́ rẹ ni wọ́n máa fi hàn ọ́.

O fẹ́ sọ fún mi pé iṣẹ́ pọ̀. Mo mọ̀. Olùkọ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà, iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ká ní ó kọ “Ó ń gbìyànjú” péré sórí káàdì ọmọ yẹn, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ gátagàta, kó ṣi í kọ pàápàá, ìjọ ì bá ti ṣe Àmín, wọn ì bá sì ti lọ sílé lọ jẹun.

Mo rí báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹ ń parí sáà, káàdì àwọn ọmọ rẹ ló sì wà nínú rẹ̀. Mú èyí tó wà lókè jáde. Má tíì wo máàkì. Ka orúkọ ọmọ náà fún mi, kí o sì sọ irú èèyàn tó jẹ́.